Ẹ Bi Wá: Ìwé Karùn-ún Tó Korò

Láti ìgbà tí a ti kọ̀wé lórí Harry Potter and the Order of the Phoenix, ìwé karùn-ún nínú ìtàn ọmọ onídán tó ń kàwé ní Hogwarts, ni lẹ́tà ti ń rọ́ wọlé, láti Adó títí dé Òmùò. Àwọn kan ní ìwé náà gbayì. Àwọn tó pọ̀ jù ní ó korò bí ewúro tí wọn ò fọ̀. Ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 2003 ló jáde, orí 38 ló ní, òun ló sì gùn jù nínú ìwé méjèèje. A ti ṣa díẹ̀ nínú ìbéèrè yín. Ẹni tí kò bá tí ì kà á dópin kó ṣọ́ra o, a ò fi ikú tó wà níbẹ̀ bò.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ti ka mẹ́rin àkọ́kọ́ tán. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí n má jẹ́ kó fọwọ́ kan ìkarùn-ún, pé òun gan-an ò rí oorun sùn nígbà tí òun kà á. Ṣé kí n gbé e pamọ́ ni? (Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì)

Ẹ má gbé e pamọ́, màmá. Ọmọ tó bá ti ka ìkẹrin ti rí èyí tó burú jù ní ti ẹ̀jẹ̀. Ìparí ìwé yẹn ni wọ́n ti pa Cedric Diggory, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ní itẹ́ òkú, láìṣẹ̀ láìrò, tí ọkùnrin kan sì fi ọ̀bẹ gé ọwọ́ ara rẹ̀ sínú ìkòkò. Ìkarùn-ún kò ní irú ìyẹn tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó mú un korò ni pé ìyà ibẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀. Harry sọ pé Voldemort, onídán burúkú tó pa àwọn òbí rẹ̀, ti padà dé, ìjọba àwọn onídán ní irọ́ ló ń pa, ìwé ìròyìn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, olùkọ́ ń fi ìyà jẹ ẹ́, àwọn àgbà tó fẹ́ràn rẹ̀ jù sì ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún un. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè má bẹ̀rù ìyẹn rárá. Ó lè kàn sú u.

Àwa náà kúkú ń fi ìtàn tó le bá ọmọ ṣeré. Olúrónbí fi ọmọ tó bí jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ìrókò, ọmọ ọdún márùn-ún sì ń bá wa gbe orin rẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́. Ohun tó jẹ́ kó rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni pé àgbàlagbà tó ń pa àlọ́ náà jókòó tì í, ó sì lè bi í pé, "Màmá, ṣé wọ́n padà gba ọmọ náà?"

Nítorí náà, ẹ bá a kà á. Tí ẹ bá ń ka orí méjì lálẹ́, ọjọ́ 19 lẹ máa fi parí. Ṣùgbọ́n ẹ fi orí márùn-ún sílẹ̀ fún ojú ọ̀sán. Orí 1 ni Dementor, ẹ̀dá tó ń fa gbogbo ayọ̀ kúrò lára ẹni, ti yọ sí Harry àti ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ nínú ọ̀nà tóóró kan, pẹ̀lú òtútù tó ń wọ egungun bí ti òwúrọ̀ ọyẹ́ lórí òkè Ẹ̀fọ̀n. Orí 13 ni ìyà gègé, tí a máa sọ nísàlẹ̀. Ní orí 21 ni ejò bu bàbá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ, Harry sì rí i lójú àlá bí ẹni pé òun gan-an ni ejò náà. Orí 23 ni ilé ìwòsàn tí bàbá àti ìyá Neville, ọmọ kíláàsì Harry, wà, àwọn tí wọ́n dá lóró títí iyè wọn fi ṣí. Ìyá náà ń fún ọmọ rẹ̀ ní bébà ṣingọ́ọ̀mù tó ti jẹ tán, ọmọ náà sì ń kó o sápò. Ẹ̀kún lèyí máa ń fà ju ẹ̀rù lọ, ẹ jẹ́ kó sun ún. Orí 35 ni ikú.

Ẹ má dúró lórí 35. Ẹ ka 35, 36 àti 37 ní ìjókòó kan, ọ̀sán Sátidé ló dára, nítorí inú 37 ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ti jókòó tí ó sọ gbogbo ohun tó ti ń fi pamọ́. Ọmọ tí ẹ bá ní kó lọ sùn lẹ́yìn 35 ti gbé òkú wọ yàrá láìgbọ́ àlàyé. Bóyá ohun tó ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn, ẹ bi í wò. Ẹ má sì fo ojú-ìwé kankan. Ọmọ tó mọ̀wé á padà lọ kà á ní kọ̀rọ̀, kò sì ní lè bi yín léèrè mọ́ nítorí yóò ní láti jẹ́wọ́ pé òun jí i kà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ìtàn oṣó kọ́ nìyí? Ní ìjọ wa, wọ́n ti ní kí a kó gbogbo rẹ̀ jáde nílé. (Ìyá Ìjọ, Ìdó-Èkìtì)

Mà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi túmọ̀ rẹ̀ ló dá wàhálà yìí sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n pè é ní oṣó, ọ̀rọ̀ ti bà jẹ́, nítorí lẹ́nu wa, oṣó ni ẹni tó ń fi agbára ìkọ̀kọ̀ ṣe ẹlòmíràn níkà. Onídán la máa ń kọ nínú ìwé ìròyìn yìí, bí a ṣe ń sọ ọ́ fún eégún onídán tó ń yí padà lójú agbo. Nínú ìtàn náà, wọ́n bí agbára mọ́ ọmọ ni, bí wọ́n ṣe ń bí ohùn orin mọ́ni, ilé-ẹ̀kọ́ sì ń kọ́ ọ láti kó o níjàánu. A ò rí ẹbọ ní kíláàsì wọn. Ọfọ̀ wọn, èdè Látìn àtijọ́ tí wọ́n lọ́ pọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n ń ṣe Kérésìmesì, ẹni tó sì kú ní orí 35, bàbá ìsàmì ọmọ náà ni.

Ilé yín ni, ẹ̀yin lẹ láṣẹ. Ẹ ṣáà ka orí 13 àti 37 fúnra yín kí ẹ tó pinnu, kò ju ọ̀sán kan lọ.

Kí ló dé tí Harry ń pariwo báyìí? Mo fẹ́ràn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ nínú èyí ó fẹ́ sú mi. (Ọmọ SS2, Ìjerò)

Ìwọ nìkan kọ́. Ní orí 4, lẹ́tà ńlá ni òǹkọ̀wé fi kọ igbe rẹ̀, ó sì gbalẹ̀. Ṣírò ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kó tó débẹ̀. Oṣù kẹfà ni Cedric kú níṣojú rẹ̀. Wọ́n wá jù ú sí ilé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, níbi tó ti ń ba sábẹ́ fèrèsé kó lè gbọ́ ìròyìn lórí tẹlifíṣàn. Lẹ́tà àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń dé, kò sí nǹkan kan nínú wọn, nítorí Dumbledore, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wọn, ti mú wọn búra pé wọn ò ní sọ nǹkan kan. Dementor kọlù ú, ó lé wọn lọ, ìjọba sì fẹ́ lé e kúrò nílé-ẹ̀kọ́ nítorí pé ó gba ara rẹ̀ là. Ìgbà tó máa fi rí Ron àti Hermione, inú ilé kan náà ni àwọn méjèèjì jọ wà láti ọjọ́ yìí. Ìwọ náà á pariwo.

Fi kún un pé okùn kan so ọkàn rẹ̀ mọ́ ti Voldemort, ìbínú onítọ̀hún sì ń ṣàn wọ inú tirẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ọdún yẹn náà ló tún ń ṣe ìdánwò O.W.L., tó dà bíi WAEC tìrẹ. A gbà pẹ̀lú rẹ ṣá pé wọn ì bá gé igbe náà kù díẹ̀.

Ṣé Bellatrix, ọmọlẹ́yìn Voldemort, ló pa Sirius Black, bàbá ìsàmì Harry, ni àbí aṣọ ìkélé yẹn? Ẹ̀bi ta sì ni? Èmi àti ìyàwó mi ti jiyàn títí ọbẹ̀ fi jóná. (Baálé ilé kan, Òkèṣà, Adó-Èkìtì)

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọbẹ̀ náà ló ṣe wá láàánú jù. Bóyá ọ̀kan nínú yín wo fíìmù, èkejì ka ìwé. Nínú fíìmù, Bellatrix pe ọfọ̀ ikú jáde lẹ́nu, a gbọ́ ọ. Nínú ìwé, ìmọ́lẹ̀ kejì láti inú ọ̀pá idán rẹ̀ bà á láyà, òǹkọ̀wé ò sì sọ ọfọ̀ tó jẹ́. Ẹ̀rín ò tí ì kúrò lójú Sirius tán. Ó tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ bí ọrun, ó gba inú aṣọ gbígbó tó so rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà òkúta kọjá, aṣọ náà fẹ́ lẹ̀lẹ̀ bí ẹni pé atẹ́gùn líle fẹ́ ẹ, ó sì rọlẹ̀. Ó tán. Lupin, ọ̀rẹ́ Sirius, di Harry mú, Harry ń pe orúkọ rẹ̀ pé kó jáde wá. Kò sí òkú tí wọ́n máa gbé, kò sí sàréè, kò sí ẹni tó bu yẹ̀pẹ̀ lé nǹkan kan. Sirius ò tí ì pé ogójì ọdún. Òkú ọ̀fọ̀ tí a ò tún rí sin, èwo ló tún le jùyẹn lọ fún ẹni tó jẹ́ Yorùbá? Ìdí nìyí tí orí yìí fi dun àwọn òǹkàwé wa ju ikú Cedric lọ. Wọ́n kúkú gbé òkú Cedric délé fún bàbá rẹ̀.

Ní ti ẹ̀bi, ọwọ́ tó wà níbẹ̀ pọ̀. Kó tó di Kérésìmesì, Sirius jágbe mọ́ Kreacher, ẹrú ilé rẹ̀, pé "Jáde!" Ẹrú náà gba ọ̀rọ̀ ọ̀hún bí àṣẹ, ó jáde lóòótọ́, ilé àwọn ọ̀tá ló gbà lọ, ó sì sọ fún wọn pé kò sí ẹni tí Harry lè torí rẹ̀ wọnú iná bíi Sirius. Nígbà náà ni Voldemort mọ ìwọ̀ tó máa fi mú ẹja. Wọ́n ní kí Snape, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́, kọ́ Harry bí yóò ṣe ti ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ pa. Ọmọ náà ò fi gbogbo ara kọ́ ọ, nítorí ó fẹ́ mọ ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń rí lójú àlá. Ní orí 28, ó yọjú wo ìrántí Snape níbi tí wọn ò ti pè é, Snape lé e jáde, ẹ̀kọ́ parí síbẹ̀. Àlá èké wá dé bá a nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, pé wọ́n ń dá Sirius lóró. Ó ki orí bọ iná láti béèrè rẹ̀ nílé, Kreacher nìkan ló bá, ìyẹn sì parọ́ fún un. Òkè ni Sirius wà ní gbogbo àkókò yẹn, ó ń tọ́jú ẹran ọ̀sìn kan tí Kreacher mọ̀ọ́mọ̀ ṣe léṣe kí ọ̀gá rẹ̀ má baà sí nítòsí.

Èyí tó dùn wá jù ni dígí. Lẹ́yìn Kérésìmesì, Sirius fún Harry ní nǹkan kan tó di sínú ìwé, pé kó lò ó nígbà tó bá nílò òun. Harry ò tú u. Ó ń bẹ̀rù pé òun á fa bàbá ìsàmì òun jáde sínú ewu. Orí 38 ló tó tú u: dígí tí wọn ì bá fi máa rí ara wọn tí wọn ì bá sì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó ti wà nínú àpótí rẹ̀ láti ìgbà náà.

Tí ẹ bá ní ká dájọ́, Dumbledore la máa gbé ẹ̀bi tó pọ̀ jù fún, òun náà sì gbà bẹ́ẹ̀ ní orí 37. Odindi ọdún kan ni kò wo ọmọ náà lójú, nítorí ó ń bẹ̀rù pé Voldemort lè máa gba ojú Harry wo òun. Ìdí rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ká ní ó jókòó tì í fún ìṣẹ́jú márùn-ún ní oṣù kẹsàn-án, kó sọ fún un pé àsọtẹ́lẹ̀ kan wà, pé ọ̀tá ń wá a, pé wọ́n lè fi àlá tàn án, Harry ì bá mọ pàkúté náà nígbà tó rí i. Ẹ bá wa sọ fún ìyàwó yín.

Èmi ò bẹ̀rù Voldemort, obìnrin aláṣọ píǹkì yẹn ni mi ò fẹ́ rí sójú. Kí ló fà á? (Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Ìyìn-Èkìtì)

Sà, ó jọ pé ẹ ti pàdé irú rẹ̀ rí. Ta ló ti rí Voldemort? Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ Dolores Umbridge, olùkọ́ tí ìjọba rán wá sí Hogwarts: ẹni tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, tó ń wúkọ́ kékeré kó tó já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹni, tó fi àwo oní-ọmọ-ológbò ṣe ara ògiri lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹ wo orí 13 dáadáa. Ó fún Harry ní gègé dúdú tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní kó máa kọ "Mi ò gbọdọ̀ parọ́." Harry ní òun ò rí tàdáwà. Ó ní kò nílò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà jáde pupa lórí ìwé, ní àsìkò kan náà ó ń ya sí ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún ọmọ náà bí ẹni fi abẹ gé e. Awọ ara tún padà pa dé. Ó tún kọ ọ́, ó tún ya. Ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń kọ̀wé. Alẹ́ lẹ́yìn alẹ́ títí àpá fi dúró, obìnrin náà sì ń yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò bóyá ọ̀rọ̀ náà ti "wọlé".

Ìwà inspẹ́tọ̀ rẹ̀ ló tún wá bí tíṣà nínú jù. Òfin 23 tí ìjọba ṣe fún ilé-ẹ̀kọ́ náà fi í jẹ alábẹ̀wò àgbà, ló bá gbé pákó ìkọ̀wé, ó ń wọ kíláàsì kiri, ó ń fi ìbéèrè gé olùkọ́ lẹ́nu níwájú akẹ́kọ̀ọ́. Òfin 24 tú gbogbo ẹgbẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ inú rẹ̀ bá tó mẹ́ta. Òfin 28 gbé e sórí àga ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Ní orí 26, ó lé Trelawney, olùkọ́ ìsọtẹ́lẹ̀, jáde lójú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, obìnrin náà ń sunkún láàárín àpótí ẹrù rẹ̀, McGonagall, olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, sì rìn jáde láàárín èrò lọ fọwọ́ gbá a lẹ́yìn láti tù ú nínú. McGonagall ò fẹ́ràn Trelawney tẹ́lẹ̀ o. Ní ilé uyì, ilé ẹ̀yẹ, níbi tí tíṣà ti jẹ́ ẹni à ń dọ̀bálẹ̀ fún, ojú-ìwé yẹn kì í ṣe eré. Orí 32 ló tún wá jẹ́wọ́ pé òun ló rán Dementor sí Harry ní orí 1.

Harry wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n pa ìyá rẹ̀. Kí ló dé tí ọdún karùn-ún ló tó rí Thestral, àwọn ẹṣin abìyẹ́ tó jẹ́ pé ẹni tó bá ti rí ikú nìkan ló ń rí wọn? (Ọmọ JSS3, Ìlawẹ̀)

Ìkókó inú ibùsùn ni nígbà yẹn, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Kò sì rí wọn nígbà tí ó ń lọ sílé lẹ́yìn ikú Cedric, nítorí òǹkọ̀wé ti ṣàlàyé pé ikú náà gbọ́dọ̀ wọni lára kí ojú tó là sí wọn. Ìbéèrè dáadáa lo béèrè.

Ṣé kí n kàn wo fíìmù rẹ̀ dípò? (Ọlọ́kadà kan, Ìkọ̀lé)

Tí àyè ò bá sí, ẹ wò ó. Ọdún 2007 ló jáde, 138 ìṣẹ́jú. Ìwé tó gùn jù, fíìmù tó kúrú jù nínú márùn-ún tó ti jáde nígbà náà. Ilé ìwòsàn tí a sọ lókè kò sí níbẹ̀. Ọmọbìnrin tó tú àṣírí ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú ìwé, Marietta, wọ́n fi Cho, ọ̀rẹ́ rẹ̀, rọ́pò rẹ̀, pé wọ́n fún un ní oògùn tó ń múni sọ òótọ́. Ní Amẹ́ríkà, PG-13 ni wọ́n kọ sí i lára, ìyẹn ni pé kí òbí ṣọ́ra fún ọmọ tí kò tó ọdún 13, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn tí ọmọdé bá wà nílé.

Ìwé kan ṣoṣo ni mo ní, akẹ́kọ̀ọ́ 22. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é? (Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì, Ọ̀yẹ́-Èkìtì)

Ẹ má yá wọn lọ sílé, kò ní padà dé. Ẹ kà á sókè. Ẹ̀dà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 2003 ní ojú-ìwé 766, ó jẹ́ bí ogún ojú-ìwé fún orí kan. Ojú-ìwé kan gba bí ìṣẹ́jú méjì, orí kan wá gba bí ìṣẹ́jú 40, ìyẹn píríọ́dù kan. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 13 ni. Ìdánwò àti ìsinmi á jẹ nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an, kí ẹ sì máa ka orí 4 sí 12 ní kíákíá; ibẹ̀ ni kíláàsì ti máa ń sùn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ka ojú-ìwé méjì. Ọmọ tó ń tijú, ẹ fún un ní ọ̀rọ̀ ẹnu Luna, akẹ́kọ̀ọ́ kan nínú ìtàn náà, nìkan. Ẹ ó rí i pé gbogbo wọn á máa du ikọ́ Umbridge.

Lópin orí kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ìlà méjì sínú ìwé: kí ni Harry mọ̀ lónìí, kí sì ni àgbà kan mọ̀ tí kò sọ fún un? Tí ẹ bá dé orí 37, kí wọ́n ṣí ìwé náà padà. Ìlà kejì á ti gùn.

Ní ti ìwé fúnra rẹ̀, ìwé ẹlẹ́yìn rírọ̀ tó nípọn báyìí máa ń ya láàárín. Kí ẹ tó kà á, ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ máa tẹ ojú-ìwé díẹ̀díẹ̀ láti iwájú àti láti ẹ̀yìn títí ẹ ó fi pàdé láàárín. Ẹ má ká èèpo rẹ̀ sẹ́yìn láé. Ẹ fi ọ̀rá wé e. Tó bá jẹ́ pé ẹ kò tí ì rà á, ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú tí bébà rẹ̀ fẹ́lẹ́ tí lẹ́tà ẹ̀yìn ń hàn lójú. Ìdìpọ̀ ni wọ́n fi ń di ìwé, ojú-ìwé 16 tàbí 32 lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà tí nǹkan bá sọnù, odindi ìdìpọ̀ ló máa ń lọ, tàbí kí wọ́n di ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ka nọ́ńbà ojú-ìwé níwájú ọlọ́jà, pàápàá láti orí 34 lọ, kí ẹ sì ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Tó bá parí sí ibùdó rélùwéè King's Cross, tí Moody, onídán àgbà tó ń dáàbò bo Harry, àti àwọn yòókù ń kìlọ̀ fún ọkọ ẹ̀gbọ́n ìyá Harry, ó pé, ẹ sanwó.